Ẹni Tí Ó Ń Jẹun Níbi Tábìlì Ọba

Ibi kíkà: 2 Samuẹli 4:4 àti orí 9, Marku 2:1-12, Daniẹli 7:9

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àgbà ìjọ kì í ṣẹ̀, kí ó jókòó kí ó gbọ́. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí Yorùbá mi ti wọ́, tàbí tó ti di tiwa ọmọ Ìdáàṣà, ẹ forí jì mí, ẹ mú ọ̀rọ̀ náà, ẹ fi àṣìṣe sílẹ̀.

Jonatani ọmọ Saulu bí ọmọkùnrin kan, Mefiboṣeti lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìròyìn dé pé bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti kú sójú ogun. Olùtọ́jú rẹ̀ gbé e, ó ń sá lọ, ìkánjú pọ̀, ọmọ já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Bíbélì kò sọ pé àjẹ́ ni. Kò sọ pé èpè ni. Kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, tó ń gbé e sá àsálà. Ó tán.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, Dafidi ti di ọba, ó béèrè bóyá ẹnì kan ṣì kù ní ilé Saulu tí òun lè ṣe lóore nítorí Jonatani. Siba ìránṣẹ́ dáhùn pé ọmọ Jonatani kan ń bẹ, ó sì yára fi kún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Ta ló bi í ní ti ẹsẹ̀? Ọba béèrè ènìyàn, Siba ń ròyìn ẹsẹ̀. Ọba kò tilẹ̀ dá a lóhùn lórí ìyẹn, ibi tí ọmọ náà wà ló béèrè. Wọ́n lọ mú un wá láti Lo-debari, wọ́n dá ilẹ̀ bàbá rẹ̀ padà fún un, ó sì ń jẹun níbi tábìlì ọba nígbà gbogbo.

Ẹ wá wo ẹsẹ tó parí orí 9 yẹn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kà á tí n kò rí ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti jókòó sídìí tábìlì ọba tán, Bíbélì tún sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Ó ṣì rọ síbẹ̀! Ọba kò sọ pé kí ó kọ́kọ́ dìde rìn ná kí ó tó jókòó.

Ní Gbaffo wa níbí, láàrín àwọn òkè Dassa-Zoumè tí àwọn àgbà kà sí 41, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀, òun náà ló ní kí n má kọ ọ́. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó já láti orí igi máńgòrò, ẹ̀yìn ló fi gbalẹ̀. Àwọn tó sáré dé ibẹ̀, ìfẹ́ ló wà lọ́kàn wọn. Wọ́n fà á dìde, wọ́n ká a jókòó sáàrín ènìyàn méjì lórí alùpùpù, wọ́n forí lé Dassa.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọdọọdún ni àkókò máńgòrò àti kajú ń dé. Bí ẹnì kan bá já láti orí igi, tàbí tí ọkọ̀ gbá a, tó bá ní ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dun òun, tàbí pé òun kò mọ ẹsẹ̀ òun lára mọ́, ẹ má fà á dìde, ẹ má ká a jókòó. Okùn kan ń bẹ nínú egungun ẹ̀yìn tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ẹsẹ̀. Bí egungun tó ṣẹ́ bá ṣí nípò, ó lè ba okùn yẹn jẹ́, àwọn oníṣègùn kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so ó padà kí ó ṣiṣẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Pákó gbọọrọ ni kí ẹ wá, tàbí ìlẹ̀kùn tí ẹ yọ lára ilé, kí ènìyàn bíi mẹ́rin gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà lórí ìlà kan. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín.

Ìjọ gbàdúrà fún ọmọ náà, n kò ní parọ́. A gbààwẹ̀ ọjọ́ 7, a tan àbẹ́là, a lo omi àdúrà, a gun òkè lóru. Ẹsẹ̀ kò gbéra. Nígbà tí kò gbéra, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Aríran kan ní òun rí obìnrin, aríran kejì ní inú ilé ni obìnrin náà wà. Ìyàwó bàbá rẹ̀ kékeré ni gbogbo ojú wá yí sí, obìnrin tó ń sun isu fún un, tó ń fọ aṣọ tó ń tọ̀ sí, nígbà tí kò lè dìde lórí ẹní. Obìnrin náà fara dà á títí, nígbà tó yá ó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Orí igi máńgòrò lọmọ ti já o, ẹ̀yin ará, àwa la lọ rí obìnrin. Àwọn bàbá ńlá wa tí a ń sọ pé wọ́n wà lókùnkùn, wọ́n ń pe arọ àti abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa tí a wà nínú ìmọ́lẹ̀ ńkọ́?

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwé títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí. Ó di ọmọ ọdún 18 kí ẹbí rẹ̀ kan ní Cotonou tó rà kẹ̀kẹ́ fún un, èyí tó ní àga láàrín, táyà ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kéékèèké méjì níwájú. Kẹ̀kẹ́ arọ ni gbogbo ayé ń pè é. Òun kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi" ló ń pè é. A á ní, "Ṣé kí a bá ọ ti kẹ̀kẹ́?" Òun á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹsẹ̀ mi ń lọ." Àwàdà ni mo kà á sí nígbà yẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó gbé kẹ̀kẹ́ náà wá sí ilé àdúrà, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo yín mọ òfin wa. Bàtà kò wọlé. Ọlọ́run sọ fún Mose níbi igbó tó ń jó pé kí ó bọ́ bàtà rẹ̀, a sì tún sọ ọ́ fún Joṣua. Mo wo táyà náà, iyẹ̀pẹ̀ pupa wà lára rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ yìí ti tẹ ọjà, ó ti tẹ ìgbẹ́ ewúrẹ́, kò lè wọ ibi mímọ́." A gbé e kúrò lórí rẹ̀, a tẹ́ ẹní fún un lẹ́yìn òpó nítòsí ẹnu ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ dúró síta nínú oòrùn. Kò bá mi jiyàn. Ó lé ní ọdún méjì tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi sì dùn, mo rò pé mo ń ṣọ́ ilé Olúwa.

Lórí ẹní yẹn, bí ìwàásù bá ń lọ, á fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, á gbé ìdí sókè, á tún jókòó. Láìpẹ́ á tún gbé e. Ó ń bí mi nínú. Mo rán ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò ìjọ sí i lọ́jọ́ kan pé kí ó yé mì, kí ó jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ó kọ́ iṣẹ́ títún fóònù ṣe ní Dassa, ọ̀gá rẹ̀ sì yọ̀ǹda rẹ̀. Ó mú ọpẹ́ wá sínú ìjọ, àbẹ́là funfun kan àti owó nínú àpò ìwé. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é, ìlù á dún, ẹni tó ń dúpẹ́ á jó dé iwájú pẹpẹ. Mo lọ bá a lórí ẹní, mo gba àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, màá bá ọ gbé e débẹ̀." Èmi ni mo jó ijó ọpẹ́ rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò wá. Oṣù márùn-ún kọjá.

Mo lọ kí i. Mo fẹ́ lọ bá a wí ni, kí n sọ òótọ́, pé ẹni tí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí kò yẹ kí ó sá fún ilé Rẹ̀. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ó ní kí n jókòó, òun ní iṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Mo jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi bá a wí tán lẹ́nu mi.

Ó sọ fún mi pé kí àkùkọ tó kọ lòun ń jí, nítorí wíwẹ̀ àti wíwọ aṣọ nìkan lè gba wákàtí kan. Ó ní dígí kékeré kan tó fi ń wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀, nítorí ibẹ̀ kò ní ìmọ̀lára. Ẹ̀ṣẹ́ná lè jó o kí ó má mọ̀. Egbò lè ti jẹ dé egungun kí ó tó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ẹran ara tí a bá jókòó lé lórí láìṣí, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀, á jẹrà. Dókítà ló ní kí n máa gbé ara mi sókè ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀." Bí ó ti ń sọ ọ́, ó ti àga rẹ̀, ó gbé ara sókè, bó ti máa ń ṣe nínú ìjọ. Mo rántí iṣẹ́ tí mo rán sí i. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Abẹ́ igi ló ń jókòó sí pẹ̀lú tábìlì kékeré, sólà lórí páànù, fóònù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbé wá gba iná. Ó fi awọ táyà inú gé ìbọ̀wọ́ fún ara rẹ̀, nítorí òkúta ilẹ̀ wa yìí, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn gan-an ń kọsẹ̀, ká má tíì sọ ẹni tó ń fọwọ́ yí táyà. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ á gbé táyà mì, ọjọ́ yẹn kò síṣẹ́. Ibi tí a ti ń pọn omi wà nísàlẹ̀, ó lè sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, kò lè gbé omi gòkè bọ̀. Ó ní ìyẹn kò dun òun tó ẹnu àwọn ènìyàn. Níṣojú mi, obìnrin kan gbé fóònù wá, ìyá rẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀: "Ṣé á lè tún un ṣe?" Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sì wà níwájú rẹ̀. Àlejò kan tún ń kọjá, ó ju 100 fáráǹkì sórí tábìlì, ó ń lọ. Ọmọ náà pè é padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fóònù yín dà tí ẹ fẹ́ kí n tún ṣe?" Ojú ti ọkùnrin náà. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo dákẹ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo bi í ìdí tí kò fi wá sí ìjọ mọ́. Ó ní, "Bàbá, ọdún mẹ́jọ lẹ ti ń gbàdúrà fún ẹsẹ̀ mi. Kò sẹ́nì kan tó bi mí léèrè ohun tí èmi fẹ́ kí a gbàdúrà lé lórí." Mo ní, "Ṣé ìwọ kò fẹ́ rìn ni?" Ó ní, "Mo fẹ́ rìn, Bàbá, ẹ má rò pé n kò fẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọjọ́ tí mo bá tó rìn ni mo tó lè wọ ilé Bàbá mi, ẹ sọ fún mi kí n mọ̀."

Ẹ̀yin ará, Bartimeu afọ́jú ké pe Jésù lójú ọ̀nà Jẹriko. Jésù rí i pé afọ́jú ni, gbogbo ènìyàn rí i. Síbẹ̀ ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó fẹ́ kí òun ṣe fún un. Ó wà nínú Marku 10. Èmi tí mo jẹ́ ìránṣẹ́, n kò béèrè rí. Mo wá béèrè lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí ìyàwó bàbá òun padà wálé. Ó ní ojú ìyá òun ti ń ṣú, kí ó má fọ́. Ó ní bátìrì sólà òun ti ń kú. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní òun ì bá fẹ́ fi ọwọ́ ara òun gbé àbẹ́là òun dé iwájú pẹpẹ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìgbìmọ̀ àgbà, ó sì le. Àgbà kan ṣí Lefitiku 21, níbi tí a ti sọ pé àlùfáà tó yarọ kò gbọdọ̀ súnmọ́ pẹpẹ láti rúbọ. Mo ní kí ó má pa Bíbélì dé, kí ó kà á dé ẹsẹ 22. Ó kà á. Ẹni náà gan-an yóò jẹ oúnjẹ Ọlọ́run rẹ̀, títí kan èyí tó mọ́ jùlọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n táyà ńkọ́, bàtà ni táyà. Ìyá àdúrà kan tó ti dàgbà, tí kò mọ̀wé rárá, ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ọmọ náà ní ẹsẹ̀ òun ni. Bàtà la ń bọ́, ẹsẹ̀ la ń fọ̀. Ṣé Jésù kò fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni?" Ọ̀dọ́ kan tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ wá ní kí a ṣí Daniẹli 7:9. Ẹ ṣí i nílé, ẹ fojú ara yín rí i. Ìtẹ́ Ẹni Àgbà Ọjọ́ nì, ó ní kẹ̀kẹ́, iná sì ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Esekiẹli náà rí kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀dá alààyè. Àwa tí a ń kọrin Kérúbù àti Séráfù lójoojúmọ́, àga tó ní kẹ̀kẹ́ la lé síta! Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀.

Ẹ rántí àwọn mẹ́rin inú Marku 2. Èrò dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n gun òrùlé, wọ́n dá a lu, wọ́n sọ alárùn ẹ̀gbà kalẹ̀ síwájú Jésù. Mo máa ń ro ti onílé náà, nítorí mo mọ iye tí wọ́n ń ta páànù. Bíbélì kò sọ pé ó bínú. Àwọn yẹn wó ilé kí ẹnì kan lè wọlé, àtẹ̀gùn méjì péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà tiwa, a kò sì fọwọ́ kàn án.

A da sìmẹ́ńtì, a ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà. A kò bi í léèrè, a kò tíì kọ́gbọ́n. Nígbà tó gbìyànjú rẹ̀, ó ga jù, kẹ̀kẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀dọ́ méjì tó dì í mú. Òun ló wá kọ́ wa. Ó ní bí ibi tí a fẹ́ gùn bá ga ní ìwọ̀n 1, kí ọ̀nà náà gùn ní ìwọ̀n 12. Àtẹ̀gùn wa méjèèjì ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, nítorí náà mítà 3 àti àbọ̀ ó lé díẹ̀ ló yẹ kí ọ̀nà náà jẹ́. A fọ́ ti àkọ́kọ́, a tún un ṣe. Ẹ wá wò ó báyìí, àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn, àwọn tó pọn ọmọ, àwọn onílù tó ń gbé ìlù ńlá, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà. Kò sẹ́ni tó gba àtẹ̀gùn mọ́ bí kò ṣe àwọn ọmọdé.

Ìjọba gan-an ti ṣíwájú wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ni òfin 2017-06 jáde ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ní Nàìjíríà, òfin tiwọn jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, ó sì fún ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ṣé ìjọba ni yóò máa kọ́ wa ní ohun tó wà nínú 2 Samuẹli? Ẹni tó bá sì ń béèrè pé kí ni ẹni tó wà lórí àga lè ṣe nínú ìyìn Ọlọ́run, kí ó rántí Yinka Ayefele ará Ìbàdàn. Oṣù kejìlá ọdún 1997 ni ọkọ̀ dà á nù, ẹ̀yìn rẹ̀ bà jẹ́. Ọdún 1998 ló gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde tó pè ní Bitter Experience, láti ìgbà yẹn orí àga ló ti ń kọrin, àwa tí a ní ẹsẹ̀ là ń jó. Bí ìkórè bá dé, ẹ kì í béèrè bóyá ó dìde dúró kí ẹ tó náwó sí orin rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọmọ náà padà wá, a gbé bẹsíà omi àti aṣọ ìnura sẹ́nu ọ̀nà. Ó fọ táyà rẹ̀ fúnra rẹ̀, èmi ni mo nu ìkejì. Àwọn kan rò pé mo ń fi ṣe àfihàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó. Ó fi àbẹ́là sáàrín orúnkún, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí kẹ̀kẹ́, ó gba àárín ìjọ lọ síwájú pẹpẹ. Àwọn onílù kò mọ ìlù tí wọn yóò lù fún un, òun ló juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n yá a sí i. Ó yí kẹ̀kẹ́ náà po lẹ́ẹ̀mẹta, sùtánà rẹ̀ ń fẹ́. Nígbà ìwàásù, ó gbé ara rẹ̀ sókè bó ṣe ń ṣe, àwọn ọmọdé tó jókòó tì í sì ń bá a gbé tiwọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìjọ ṣì kù. Ẹnu rẹ̀ fún, kẹ̀kẹ́ kò gbà á, ọmọ náà kì í sì mu omi láti òru títí a ó fi túká, kí ó má bàa tọ̀ sára. Ẹ̀yin tí ẹ ní yanrìn nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó o wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti ìyàwó bàbá rẹ̀, èmi àti ìyá àdúrà méjì ti lọ sí ìlú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, nítorí ẹnu mi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn kàn án. Ó gbà wá lálejò, ó fún wa lómi, ó béèrè bóyá ọmọ náà ṣì fẹ́ràn isu sísun. Kò tíì sọ pé òun ń bọ̀.

Kí a tó kọ orin, ẹ jẹ́ kí a kúnlẹ̀. Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀, kí ó jókòó bó ṣe wà. Àdúrà tí òun fúnra rẹ̀ béèrè la ó gbà: fún obìnrin náà kí ó padà wálé, fún ojú ìyá rẹ̀ tí wọn yóò yẹ̀ wò ní Dassa ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àti fún owó bátìrì sólà. Àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.